Lẹbẹ Pátákó Ìgbì: Iṣẹ́ Tó Yẹ Kí Ó Bọ́ Sọ́wọ́ Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ìyànà Ìbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, etí òkun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté Èkó. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń ṣe eré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní surfing. Wọn a dùbúlẹ̀ lórí pátákó gígùn kan, wọn a fi ọwọ́ wa omi títí ìgbì yóò fi dé, wọn a sì fò dìde dúró lórí rẹ̀ kí ìgbì máa gbé wọn bọ̀ wá sí iyanrìn. Ọmọkùnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, dá jókòó sí apá kan. Pátákó tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sán, kò fọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yí pátákó náà dojú dé, ó fi ihò kan hàn mí ní ìdí rẹ̀. Ó ní, "Fíìnì ẹ̀ ló ti kán, sà. Mò ń retí ẹni tó máa bá mi mú òmíràn bọ̀ láti òkè òkun."

Ohun tí ọmọ náà pè ní fíìnì yìí ni èmi yóò máa pè ní lẹbẹ, nítorí iṣẹ́ tí lẹbẹ ń ṣe lára ẹja gan-an ni ó ń ṣe lábẹ́ pátákó. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí kò bá sí i, ìdí pátákó yóò máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹni tó dúró lórí rẹ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ó ń di omi mú, pátákó á sì yà síbi tí ẹni tó gùn ún bá tẹ̀ ẹ́ sí. Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ lẹbẹ mọ́ pátákó pátápátá. Láti àwọn ọdún 1990 ni èyí tó ṣeé tú ti gbòde: àpótí kékeré wà nínú pátákó, ẹsẹ̀ lẹbẹ á wọ inú rẹ̀, ìdè kékeré á sì dì í mú. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ tàbí bàálù á tú u, bó bá dé etí òkun á dè é padà. Bí ó bá kọlu òkúta, lẹbẹ lè lọ kí pátákó ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò wúlò fún ẹni tí kò rí lẹbẹ mìíràn rà nítòsí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìyànà Ìbà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe. Dánfó kan ló ti gbá mi lẹ́yìn lójú ọ̀nà Badagry. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ọ̀gá náà. Ó gé aṣọ fáíbà, ó po résìn mọ́ hádínà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á ní ìpele dé ìpele. Nígbà tó gan, ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ó fi sáńpépà dán an títí tí n kò fi mọ ojú ibi tó ti ya mọ́. Mo mú fóònù mi jáde, mo fi àwòrán lẹbẹ tí mo yà ní Tarkwa Bay hàn án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáíbà náà kọ́ nìyí? Ẹ ṣáà mú èyí tí a máa wò ṣe wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tó lé ọmọ Tarkwa Bay yẹn kúrò lórí ìgbì kì í ṣe àìsí ohun èlò ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsí òye. Ohun méjì ló fà á: ọmọ tó nílò lẹbẹ àti ọ̀gá tó lè ṣe é kò mọ ara wọn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ wa kò sì tíì kọ́ láti fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́ dípò kí wọ́n máa fi ojú wò ó ṣe. Méjèèjì ṣeé tún ṣe láìná owó rẹpẹtẹ.

Kí á kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé eré Òyìnbó ni eré gígun ìgbì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òpìtàn Kevin Dawson tọ́ka sí àkọsílẹ̀ oníṣòwò ará Jámánì kan, Michael Hemmersam, nípa àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gun ìgbì ní etíkun tó di Gánà lónìí, ní àwọn ọdún 1640. Nínú ìwé tí James Edward Alexander tẹ̀ jáde ní 1837, òun náà ṣàpèjúwe àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì. Àwọn ará Hawaii sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà ní tiwọn, ìyìn wọn kò ṣeé fi dù wọ́n. Ṣùgbọ́n òkun tiwa náà mọ eré yìí tipẹ́.

Ìtàn lẹbẹ fúnra rẹ̀ tún dùn ju èyí lọ. Ní 1935, ní Hawaii, Tom Blake fi lẹbẹ sábẹ́ pátákó, òun sì ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é. Ibo ni ó ti rí i? Ó yọ irin kan lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó tí wọ́n ti jù nù ni. Ẹni tó bá mọ ọjà Alábà dáadáa kò ní ṣe hàà, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1980, Simon Anderson ará Ọsirélíà ṣe pátákó tó ní lẹbẹ mẹ́ta, ó sì fi gba ìdíje Bells Beach ní 1981. Títí di òní, irú pátákó yẹn ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ pátákó ni Anderson. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ òkun ló mú eré yìí tẹ̀ síwájú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe lẹbẹ? Wọn á to aṣọ fáíbà lé ara wọn lórí gíláàsì tí wọ́n ti fi ìda pa kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn, résìn á wà láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele náà lè lé ní ogún kí ó tó nípọn tó. Wọn á tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí ni yóò ti kán. Nígbà tó bá gan, wọn á fi páálí ya àwòrán lé e, wọn á fi ayùn gé e. Iṣẹ́ ọgbọ́n wá kù: iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yípo, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, ìlà àwọn ìpele á máa hàn bí ìlà ara igi, ojú oníṣẹ́ á sì fi ìlà yẹn mọ̀ bóyá ó tẹ́jú bó ṣe yẹ. Lẹbẹ àárín rí bákan náà ní ojú méjèèjì. Ti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ tó kọ sí àárín sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú kejì á sì yọ ikùn, nítorí náà kò ṣeé fi tọ̀tún sí tòsì, gẹ́gẹ́ bí bàtà.

Ibí yìí ni ìwọ̀n ti wọlé. Bí lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì, tàbí tí wọn kò kọjú bákan náà, pátákó á máa fà sí apá kan bí ọkọ̀ tí aláímẹ́ǹtì rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ẹsẹ̀ lẹbẹ bá sanra díẹ̀ jù, kò ní wọ àpótí. Bó bá tín-ín-rín jù, á máa mì títí yóò fi yọ sínú òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpótí yìí kò sì lo ẹsẹ̀ kan náà: òmíràn ní ẹsẹ̀ méjì kéékèèké, òmíràn ní ẹsẹ̀ gbọọrọ kan. "Mú èyí tí a máa wò ṣe wá" dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá lè bá ẹlẹ́ẹ̀kínní mu.

Àpótí inú pátákó náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ó bá fọ́, wọn á gbẹ́ ihò tuntun, wọn á fi résìn lẹ̀ ẹ́, wọn á dán an dọ́gba pẹ̀lú ara pátákó. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ bèèrè irú fóòmù tó wà nínú pátákó náà. Bí ó bá jẹ́ irú fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ní Alábà, résìn tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà yóò jẹ ẹ́ bí iná ṣe ń jẹ ọ̀rá. Epoxy ni ti irú ìyẹn. Ẹni tí kò mọ èyí á ba pátákó onípátákó jẹ́ níbi tó ti ń ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n má sì gbàgbé pé eruku fáíbà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo rí kò bo imú. Kò yẹ kí á fi ìlera ọmọ kan ra ìdùnnú ọmọ mìíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, ẹni mélòó ló ń gun ìgbì ní Èkó tí a fi máa dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn? Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀. Òótọ́ sì tún ni pé lẹbẹ oníke láti China lè dín owó ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí ọ̀gá oníbọ́ńpà fi bọ́ńpà sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó bá kọ́ láti ṣe lẹbẹ mẹ́ta tó dọ́gba, tó bá àpótí mu, tó sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá láìyàtọ̀, ti di oníṣẹ́ mìíràn. Ó lè ṣe ohun èlò fún ọkọ̀ ojú omi, fún ẹ̀rọ, fún ilé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn oníbàárà bá ń pe ayédèrú ní "ti Alábà," àìṣedéédéé iṣẹ́ ló fa ẹ̀gàn yẹn, kì í ṣe àìmọ iṣẹ́. Ìwọ̀n ni yóò mú un kúrò.

Ta ni yóò wá bẹ̀rẹ̀? Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mọ irin ìwọ̀n lò, ó sì lè fi ọ̀sán ọjọ́ kan kọ́ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń kà á. Àwọn tó ń gun ìgbì lè gbé lẹbẹ tó kán àti àpótí tó ṣófo wá sí Ìyànà Ìbà dípò kí wọ́n máa retí àlejò láti òkè òkun. Kí wọ́n san owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n dán an wò níbi tí omi kò jìn, kí wọ́n padà wá sọ ibi tó kù sí. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń dára.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé wọn ní Tarkwa Bay, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù epo ni. Fún ọmọ tó dàgbà sí irú ibẹ̀, pátákó yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń darí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 2021, nígbà tí eré gígun ìgbì kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Japan, Bianca Buitendag ọmọ South Africa gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nínú ìdíje náà. N kò lè ṣèlérí pé lẹbẹ ni yóò gbé ọmọ wa débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tó jókòó sórí iyanrìn kò lè débẹ̀.

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Bọ́ńpà mi ti dára, n kò sì rí ojú àpá lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bá tún ń lọ sí Tarkwa Bay, màá bẹ ọmọkùnrin yẹn kí ó yá mi ní lẹbẹ rẹ̀ tó kù lábẹ́ pátákó. Èyí tí ọ̀gá máa wò ṣe nìyẹn.