Ká Ní Rodriguez Gbà fún Alabama

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2006, Rich Rodriguez, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì West Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde pé òun kò ní fi ilé sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Alabama, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ti ń gbé e kiri pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ojú ti Alabama gidigidi. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n mú dípò rẹ̀, fi sọ̀ kalẹ̀ láti inú bàálù ní ìlú Tuscaloosa, níbi tí yunifásítì náà wà, tí ọgọ́rọ̀ èrò sì tú jáde lọ pàdé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ṣe di ijó àti ayọ̀ tí wọ́n jó fún ọdún 17. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ń bi ara wọn léèrè pé, ká ní Rodriguez gbà ńkọ́? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ máa ń fún un ni pé orí ló gbe Alabama. N kò bá orí jà, nítorí orí ni àpésìn. Ṣùgbọ́n mo dúró lórí rẹ̀ pé ilé tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọ̀ ni ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ka ìtàn yìí láìka ti ilé mọ́ ọn, ẹ̀yìn ìwé ló ń kà.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àyà ni wọ́n fi ń kọlu ara wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n sì ń ṣe é níwájú èrò tí ó lé ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún lọ́nà púpọ̀. Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì nínú rẹ̀: Adewale Ogunleye, tí orúkọ rẹ̀ ti fi ilé hàn, gbá a fún Yunifásítì Indiana kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Miami àti Chicago. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó kankan nínú líìgì ńlá wọn, ẹgbẹ́ yunifásítì ni ẹgbẹ́ gbogbo ìlú, yíyan akọ́nimọ̀ọ́gbá sì dà bí ìgbà tí àwọn afọbajẹ bá jókòó: tọmọdé tàgbà ló ń fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹni tí wọ́n bá sì mú jáde, ire tàbí ibi, gbogbo ilé ni yóò jẹ nínú rẹ̀.

Alabama mọ ohun tí à ń pè ní adé. Láti ọdún 1958 títí di 1982, Paul Bryant ni olórí wọn, onífìlà funfun-òun-dúdú, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ béárì pè nítorí pé ó bá ẹranko náà jìjàkadì nígbà èwe rẹ̀, akin tí ó tún wá bá gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà jà, tí ó sì gba adé ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè náà nígbà 6. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìdíje rẹ̀ tó kẹ́yìn tí ó fi jáde láyé, ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n Alabama kò gba òwe náà gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga Bryant ni wọ́n ń fi òṣùwọ̀n Bryant wọ̀n, Gene Stallings nìkan ló sì gba adé fún wọn láàárín, ní ọdún 1992. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2002, Dennis Franchione fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí Texas A&M; Mike Price tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n lé lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, kí ó tó darí ìdíje ẹyọ kan; Mike Shula tí ó tẹ̀ lé e lo ọdún 4, kò sì borí Auburn, ọ̀tá ìbílẹ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí ó jáwé olúborí nígbà 6, tí ó sì fìdí rẹmi nígbà 6 ní ọdún 2006, wọ́n ní kí òun náà máa lọ.

Mal Moore, ọ̀gá àgbà eré ìdárayá níbẹ̀, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Bryant fúnra rẹ̀, tí ó sì ti bá a ṣiṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ náà já lé lórí. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé ó fojú sí Rodriguez. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2006 ni West Virginia borí Georgia, 38 sí 35, nínú ìdíje Sugar Bowl, tí gbogbo ayé sì rí bí eré rẹ̀ ti yá bí iná ọyẹ́: ó tú àwọn agbábọ́ọ̀lù ká gbogbo pápá, kò jẹ́ kí alátakò rí àyè mí, ó sì gbé bọ́ọ̀lù lé Pat White àti Steve Slaton lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ West Virginia ni Rodriguez ti dàgbà, yunifásítì ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún. Nígbà tí ó wo iwájú tí ó wo ẹ̀yìn, ilé fà á.

Ohun tí Moore ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí a wò fínnífínní. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná; ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ìbá ti fi ìtìjú náà mú ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin tí ó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Moore dúró. Nick Saban wà ní Miami nígbà náà, ó ń darí àwọn Dolphins, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó ìlú náà, ó sì ti wí ní gbangba ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá pé òun kọ́ ni yóò ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama. Nígbà tí sáà ìdíje àwọn Dolphins parí, Moore wọ bàálù lọ bá a. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ìrìn àjò náà ni pé ó wí fún awakọ̀ pé bí Saban kò bá bá òun padà, kí ó yáa gbé òun lọ sí Kúbà, nítorí òun kò ní ojú tí òun yóò fi wo Tuscaloosa. Saban gbà: àdéhùn ọdún 8, mílíọ̀nù 32 dọ́là, àti àṣẹ lórí ohun gbogbo tó jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù.

Àṣẹ náà ṣe pàtàkì ju owó lọ, sùúrù sì ṣe pàtàkì ju àwọn méjèèjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, èrò 92,138 kún pápá ìṣeré Bryant-Denny dẹ́nudẹ́nu láti wo ìgbaradì lásán, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ń bá ara wọn ṣe. Síbẹ̀ nígbà tí ìdíje gan-an dé, ìgbà 7 ni wọ́n borí, ìgbà 6 ni wọ́n fìdí rẹmi, Auburn tún lù wọ́n, Louisiana-Monroe, yunifásítì kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, sì wọ inú ilé wọn wá nà wọ́n ní 21 sí 14. Iye tí Saban fi borí ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹyọ kan péré ni ó fi ju ti Shula tí wọ́n lé lọ. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kó ẹrù. Ní oṣù Kejì ọdún 2008 ni Julio Jones láti Foley fọwọ́ sí ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni Mark Ingram, tí ó dàgbà ní Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ní ọdún náà wọ́n na Auburn ní 36 sí 0. Ní ọdún 2009, Ingram gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó pegedé jù lọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Alabama, ẹgbẹ́ náà kò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdíje 14, wọ́n sì gba adé. Wọ́n tún gbà á fún sáà 2011, 2012, 2015, 2017 àti 2020. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ẹni tí kò wá. Ní ọdún 2007, Rodriguez mú West Virginia dé ẹnu ọ̀nà ìdíje àṣekágbá gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ohun tó kù kò ju kí West Virginia borí Pittsburgh nínú ilé ara rẹ̀, Pittsburgh tí ó ti fìdí rẹmi nígbà 7 lọ́dún náà. Pat White fi àtàǹpàkò ṣèṣe, wọ́n sì pàdánù ní 13 sí 9. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Rodriguez ti kọjá sí Michigan. Ilé ńlá ni Michigan, ilé olókìkí, ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwọn àgbà ilé náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí àjèjì tí ó mú eré tuntun dé. Jeff Casteel, tí ó ń bá a tọ́jú ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn tó ń dènà alátakò, ní West Virginia, kò tẹ̀ lé e. Ryan Mallett, tí ọwọ́ rẹ̀ le láti ju bọ́ọ̀lù ṣùgbọ́n tí kì í ṣe asáré, kó lọ sí Arkansas. Ní ọdún 2008, ìgbà 3 péré ni wọ́n borí, ìgbà 9 ni wọ́n pàdánù, irú èyí tí ojú Michigan kò tíì rí rí. Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ òun náà, nítorí àwọn aláṣẹ ìdíje rí i pé wọ́n lo àkókò ìgbaradì ju bí òfin ti là á sílẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní ọdún kẹta, Denard Robinson tí òun mú wá ń sáré bí ẹfúùfù, nǹkan sì ti ń bọ̀ sípò níwájú bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011 wọ́n lé e. Brady Hoke gba ipò rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ tí Rodriguez ti tọ́ jọ, ó wá ẹni tí yóò tún ẹ̀yìn ṣe, ó sì borí nígbà 11 lọ́dún náà gan-an. Ẹni tó gbìn ti lọ, ẹlòmíràn ló kórè.

Nítorí náà, bí Rodriguez bá gbà fún Alabama ní ọjọ́ 8 yẹn, mo rí i bí yóò ti rí. Yóò bá àwọn ọmọ tí Shula ti kó jọ fún eré ìfarabalẹ̀, yóò sì fẹ́ sọ wọ́n di asáré lóòjọ́. Ọdún àkọ́kọ́ yóò le, bóyá ju ti Saban lọ. Ìdúnnú lè wà ní ọdún kẹta, pàápàá bí Julio Jones bá gbà láti dúró sílé tí ó sì rí pápá gbalasa níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adé 6 tí Alabama gbà lábẹ́ Saban, ẹ̀yìn tó le bí àpáta ni wọ́n fi kọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àìlera Rodriguez hàn jù ní Michigan. Èrò mi ni pé yóò ṣe dáadáa díẹ̀, yóò dùn ún wò, kò sì ní pẹ́ kí àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n Bryant wọnni tó sú u, kí òun náà sì tó sú wọn. West Virginia ìbá ti pàdánù ọmọ rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, Michigan ìbá sì ti wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní Saban yóò ṣẹ́gun níbikíbi. Kí wọ́n wo Miami. Ọdún 2 tí ó lò níbẹ̀, ìgbà 15 ni ó borí, ìgbà 17 ni ó pàdánù. Ní ọdún 2006, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Drew Brees ń wá ilé tuntun pẹ̀lú èjìká tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí, ẹ̀rù èjìká náà ba àwọn dókítà ilé náà, wọ́n sì mú Daunte Culpepper dípò. Brees lọ sí New Orleans, ó sì gba adé fún wọn. Saban kan náà ni, ọgbọ́n kan náà, ọwọ́ líle kan náà. Ilé ni ó yàtọ̀. Ní Alabama, òun ló ń yan ọmọ tí yóò wọlé, òun ló ń yan ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ń yọjú wo ìkòkò rẹ̀ kí ó tó hó.

N kò ní bù mọ́ iyì rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Alabama tí wọn kò ju nǹkan bí 25,000 lọ ní ọdún 2007 lé ní 38,000 ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ sì ń sọ pé Saban ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Robert Witt, ọ̀gá àgbà yunifásítì náà nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di ńlá láti ọdún 2003. Adé ran ètò náà lọ́wọ́, ètò náà ló sì pèsè àyè fún adé. Ilé tí ó mọ ibi tí ó ń lọ ni Saban wọ̀.

Èyí ni ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí bí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń náwó lónìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Texas A&M lé Jimbo Fisher, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lọ, wọ́n sì gbà láti san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là fún un kí ó má baà ṣiṣẹ́ fún wọn mọ́. Orúkọ ńlá ni wọ́n rà, ilé ni wọn kò tò. Ẹni tí yóò bá tún yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn àgbà ilé rẹ̀ jọ, kí ó bi wọ́n bí wọn yóò bá fara da ọdún kan tí ilé kékeré yóò wá nà wọ́n nínú ilé. Kí ó bi wọ́n bí àṣẹ tí wọn yóò fún ẹni náà yóò jẹ́ àṣẹ tòótọ́. Kí ó rí i pé àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó fi di ẹni ńlá yóò bá a wá. Bí wọn kò bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n fi owó wọn pamọ́, kí wọ́n tún ilé ṣe ná. Nítorí bí Saban fúnra rẹ̀ bá wọ ilé tí ògiri rẹ̀ ti lanu, aláǹgbá yóò wọlé tọ̀ ọ́.