Ìwádìí Tí Àgbẹ̀ Igbógilá Kò Lè Kà, Ta Ni A Ṣe É Fún?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò ṣòro; ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo bí a ti ń ṣe ìwádìí lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì wo bí a ti ń kọ́ ọmọ nípa rẹ̀, orí àgbẹ̀ ni a ń fá lẹ́yìn àgbẹ̀. A ń wádìí oko, a kò bá olóko jókòó gbèrò. A ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ nípa òjò, a kò sì jẹ́ kí ó mú ohun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa òjò wọ inú kíláàsì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìwádìí tí a kò fi èdè àgbẹ̀ ṣe, tí kò sì padà sí ọwọ́ àgbẹ̀, kì í ṣe ìwádìí àjọṣe, orúkọ yòówù kí a kọ sí ara ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Igbógilá ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní agbègbè tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo níbẹ̀, òjò ni ó gbójú lé. Ní ìhà ilẹ̀ wa yìí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, a pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà sí ìkeje, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà ní agbára ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n òjò wọ ilẹ̀ yìí ni àgbẹ̀ ti sọ àwọn ìgbà wọ̀nyí lórúkọ. Àkọ́rọ̀ ni òjò ìbẹ̀rẹ̀. Àrọ̀kúrọ̀ ni ti ìparí. Ọ̀wàrà tí a ń pe oṣù kẹwàá, òjò líle ni ó ń tọ́ka sí. Àwọn tí wọ́n fún wa ní orúkọ wọ̀nyí wo ojú ọ̀run láti ọdún dé ọdún, wọ́n fi ti èṣí wé ti ìsinsìnyí, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí lé ọmọ lọ́wọ́. Bí èyí kò bá jẹ́ ìwádìí, kí ni à ń pè ní ìwádìí?

N kò sọ pé àgbẹ̀ mọ ohun gbogbo. Lóòótọ́, àwọn àmì tí àwọn bàbá wa fi ń mọ ìgbà ti ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Òjò méjì a rọ̀, àgbẹ̀ a rò pé àkọ́rọ̀ ti dé, a gbin àgbàdo. Ọ̀dá a sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn a kú sínú ilẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí a jogún, ayé tí ó tutù ju ti òní lọ ni a fi ṣe é. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí a ní àkọsílẹ̀ wọn. Àjọ Ìmọ̀ Ojú-ọjọ́ Àgbáyé ní ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.55 ní òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju ayé ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò tíì gbilẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ nílò onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó lè mọ ìdí tí àmì fi ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà nílò àgbẹ̀. Sátẹ́láìtì lè sọ fún wa pé ewé gbẹ ní agbègbè kan. Kò lè sọ fún wa ẹni tí ó tún irúgbìn rà lẹ́ẹ̀kejì, tàbí ẹni tí ó sá lọ dá oko sí àkùrọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta láti 1988. Ibùdó ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí a mọ̀ sí IITA, wà ní Ìbàdàn láti 1967. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ayétòrò gan-an. Láti 2012 ni orílẹ̀-èdè Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti dá WASCAL sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga lórí ìyípadà ojú-ọjọ́; ó ní ẹ̀ka ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, ní Abomey-Calavi, àti ní Lomé. Kì í ṣe pé òfin kò sí pẹ̀lú. Abala keje Àdéhùn Paris ti 2015 dárúkọ ìmọ̀ ìbílẹ̀ mọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ohun tí ó yẹ kí ó tọ́ wa sọ́nà. Ní oṣù kọkànlá 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìyípadà Ojú-ọjọ́, èyí tí ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí wọ inú ètò ẹ̀kọ́ wa ní gbogbo ìpele.

Ibo wá ni ó ti wọ́? Ó wọ́ ní oko. Olùwádìí a dé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú ńlá. A béèrè, àgbẹ̀ a dáhùn ní Yorùbá, ẹni tí ó ń kọ ọ́ a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àkọ́rọ̀ ti di nọ́ńbà, ilẹ̀dú àti aṣálẹ̀ ti di nọ́ńbà, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti di "olùdáhùn". Olùdáhùn! Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dáhùn lọ, tí a kò fún láyè kí ó béèrè. Ìwé a parí, oyè a dé, ìwé a wọ inú yàrá ìkàwé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn a tún dé oko kan náà pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn bí ẹni tí ó ń lé àlejò lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí bí a ti lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ lónìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n jókòó ṣe àkójọ rẹ̀ sínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá: Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú èkíní ní àwọn ọdún 1980, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe èkejì ní 1990. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń kọ "àfipè" àti "àránmúpè" nínú ìdánwò WAEC láìfòyà. Ohun tí a ṣe fún gírámà, kí ni kò jẹ́ kí a ṣe é fún ojú-ọjọ́, nígbà tí àgbẹ̀ ti ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀?

Ìyẹn ni ó mú kí ìkéde oṣù kọkànlá 2025 dùn mí. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọ̀wọ̀ ni fún ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò lè jẹ́ ẹ̀bi ọmọ tí ó jókòó ṣe WAEC. A sì ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin lọ. Ọmọ tí a bá gba èdè oko lẹ́nu rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, báwo ni yóò ṣe di olùwádìí tí ó lè bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún?

Ẹ wo ohun tí ẹ̀kọ́ àkọ́sórí ń ṣe fún wa. Ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Igbógilá wà yìí kan náà, ní Ìbéṣè, ni ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote tí a ṣí ní 2012 wà. Nígbà tí a bá sun òkúta ẹfun láti fi ṣe símẹ́ǹtì, ó máa ń tú gáàsì káábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì jáde. Ìdá bíi 7 tàbí 8 nínú 100 irú gáàsì yìí tí ọmọ ènìyàn ń tú sí ojú ọ̀run ní gbogbo ayé, iṣẹ́ símẹ́ǹtì ni ó ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì mọ ìlà tí a fi ń kọ èyí ní ìwé, ó sì lè kà á lórí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni a ti bi ní ìbéèrè pé kí ó so ìlà náà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń kọjá lójú rẹ̀? N kò bá símẹ́ǹtì jà. Òun ni a fi kọ́ ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ tí ó ń pa ojú ọmọ dé sí àyíká rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Bí a bá kọjá ẹnubodè, a ó dé Kétu àti Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ènìyàn wa ń sọ Yorùbá bí àwa náà ti ń sọ ọ́. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ èsì tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ tiwa. Òjò kan náà ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè, èdè kan náà ni àgbẹ̀ méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwé nìkan ni kò gbọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ń wá èdè àjọṣe fún agbègbè yìí, kí ó má wulẹ̀ lọ jìnnà.

Yewa sì ti gba àjọṣe lálejò rí. Ní 1963, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Ilé-ìwé náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí àlejò láti òkè òkun bá lè bá wa jókòó ní Ayétòrò, ó yẹ kí olùkọ́ àti àgbẹ̀ Igbógilá lè jókòó pọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de Abùjá. Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, ẹ gbé e sí gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní bò ó, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì da omi náà nù. Mìlímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà kan. Ẹ pe àwọn àgbẹ̀ wá sí kíláàsì, kí wọ́n sọ bí wọ́n ti ń pe irú òjò bẹ́ẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbìn sí i. Kí ọmọ kọ ọ́ ní Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí etí àwọn tí ó sọ ọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ìwé náà fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, nítorí ọdún kan kò tó láti fi mọ ìwà òjò.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oyè lórí oko Yewa, ẹ ní kí ó mú ojú-ìwé méjì wá ní Yorùbá, kí ó sì lọ kà á ní gbangba ní ìlú tí ó ti béèrè ọ̀rọ̀, kí àgbẹ̀ sì bi òun náà ní ìbéèrè. Ẹni tí kò bá lè dúró níwájú wọn, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.