Ariwo Tí Ń Gbé Ohùn Àgbà Mì

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n orí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba ohùn sílẹ̀ fi ń tẹlẹ̀.

Mo gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó kan nígbà kan. Máìkì ribbon ni mo lò, nítorí pé ohùn a máa rọ̀ létí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́tí sí i, ṣe ni ó dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí páànù. Mo yí ohùn sókè, ariwo náà bá a gòkè. Kí n tó padà lọ, ìyá ti dágbére fáyé. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Máìkì kọ́ ni ó jẹ̀bi. Àlúmínọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó rí bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń mì láàárín mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Iná tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ń mú jáde níbẹ̀ kì í tó 1 mílífóòtì, àní lẹ́yìn tí tiransifọ́mà inú máìkì ti gbé e sókè. A ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000 sí 3,000 kí ó tó wúlò. Ampilifáyà àkọ́kọ́ ni orí tí mo wí. Ariwo yòówù tí ó bá fi kún ohùn, gbogbo ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ lé e yóò máa gbé e ga ni. Bí omi bá ti rú lórísun, ta ni yóò bu mímọ́ nísàlẹ̀ odò?

Ní 1928, John Johnson àti Harry Nyquist kọ̀wé pé ooru nìkan tó láti mú ariwo jáde nínú ohunkóhun tí ó bá ń dènà iná. Ní òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ (nV/√Hz), ariwo máìkì 200 ohm jẹ́ 1.8. Ti IC TL072, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, jẹ́ nǹkan bí 18. Ti INA217 jẹ́ 1.3. Ẹ ò rí i pé TL072 fi ìlọ́po mẹ́wàá pariwo ju máìkì lọ!

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí INA217 ṣíwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ti TL072 mu, ẹ tún ojú ọ̀nà wáyà ṣe. Resistor 10 ohm láàárín ẹsẹ̀ méjì tí a fi ń ṣètò agbára rẹ̀ yóò sọ ohùn di ìlọ́po 1,000. Ẹ so resistor 2,200 ohm láti ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mọ́ gíráùǹdì. Ẹ má fi resistor kankan dábùú ọ̀nà ohùn. Bátìrì 9 fóòtì méjì yóò gbà yín lọ́wọ́ kíkùn iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún iná 48 fóòtì: bí wáyà máìkì bá ní àléébù, ó lè fa ribbon ya.

Báwo ni a ó ṣe dán an wò? Ẹ yọ máìkì, ẹ so ẹnu ọ̀nà méjèèjì pọ̀, ẹ tẹ́tí sí ariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi resistor 200 ohm síbẹ̀. Bí ariwo bá pọ̀ sí i dáadáa, ampilifáyà yín dára. Bí kò bá yàtọ̀, ampilifáyà ni ó ń pariwo.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ bá àgbà. Àwọn àgbà wa kò ní dúró dè wá títí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.