Kì í Ṣe Gbogbo "Which" Ni Àṣìṣe

Àsìkò iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ti dé, báírò pupa sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ni mo ti rí lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn, tí wọ́n fagi lé "which" tí wọ́n sì kọ "that" sórí rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí kì í ṣe àṣìṣe ni à ń fagi lé, a sì ń fojú fo àṣìṣe gan-an dá.

"The book which I bought" tọ̀nà bí "the book that I bought" ṣe tọ̀nà. H. W. Fowler dábàá nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1926 pé "that" ni kí á máa lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àbá ni, kì í ṣe òfin gírámà.

Níbo wá ni àṣìṣe wa wà? Ẹ wo "tí". Ènìyàn ni o, ewúrẹ́ ni o, ìwé ni o, "tí" kan náà là ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ni nǹkan. A ń sọ pé "ọkùnrin tí mo mọ ilé rẹ̀", a sì ń gbé "rẹ̀" yẹn wọ inú Gẹ̀ẹ́sì: "the man that I know his house". "The man whose house I know" ló tọ̀nà. "Whose" yìí bá ohun aláìlẹ́mìí náà lọ: "a word whose tone is high" kò ní àbùkù kankan.

Èkejì, "ọ̀bẹ tí mo fi gé iṣu". Bí a kò bá rántí iṣẹ́ tí "fi" ń ṣe, a ó kọ "the knife which I cut the yam". "With" ti sọnù: "the knife with which I cut the yam" ni.

Ẹ̀kẹta ni kọ́mà. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń gbé Ìbàdàn ti dé" kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n kan ni mo ní tàbí mẹ́ta. "My elder brother, who lives in Ibadan, has arrived" fi hàn pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ yọ kọ́mà méjèèjì, òǹkàwé á rò pé òmíràn wà níbòmíì. Níbi tí kọ́mà yìí bá wà, "that" kò bá a mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ máa torí ẹ̀ yọ máàkì. Bí a bá ń fìyà jẹ ọmọ lórí ohun tó tọ̀nà, yóò gbà pé àbá-dídá lásán ni gírámà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ sì ń kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó. Ọmọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀nà ti yà.