Sẹ́ńsọ̀ Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Bí ẹ bá pe ọ̀rẹ́ yín lórí fóònù tí kò wọlé, ṣé pósí lẹ máa kọ́kọ́ lọ rà? Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó lè jẹ́ pé iná fóònù rẹ̀ ló tán. Bẹ́ẹ̀, pósí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe máa ń rà fún sẹ́ńsọ̀ sàléńsà, ó sì ń bí mi nínú.

Sẹ́ńsọ̀ tí mò ń wí yìí ló ń wọn gáàsì NOx nínú èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2010, àti èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù lábẹ́ òfin Euro VI, ní méjì: ọ̀kan ṣáájú agolo tó ń fọ èéfín mọ́, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń wọ inú àpótí kékeré tó wà lára sẹ́ńsọ̀: ti iná, ti áàtì, àti méjì tí wọ́n ń pè ní CAN. Orí méjì yìí ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì.

Bí iná wàhálà bá tàn, sikánà lè kọ SPN 3226, FMI 9. 3226 ni orúkọ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn. 9 ni ẹ̀sùn: kọ̀ǹpútà ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò rí i gbà lásìkò. Ká ní FMI 2 ni, ẹ̀sùn yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà gbọ́. Àwọn ènìyàn wa á ka orúkọ, wọn ò ní ka ẹ̀sùn. Ọ̀gá á ní "sẹ́ńsọ̀ ti lọ", wọ́n á ra òmíràn, kóòdù á sì padà.

Mítà lásán tó wà lọ́wọ́ gbogbo rìwáyà ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ wọn ohm láàárín wáyà CAN méjèèjì. Ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 60, torí rẹsítọ̀ 120 kan wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 120, wáyà ti já níbì kan tàbí rẹsítọ̀ kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Bó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti fara kanra. Lẹ́yìn náà, ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo bóyá iná àti áàtì ń dé ẹnu púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ta ló máa gbà pé wọ́n jọ kú ni? Fíúsì tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ lọ wò. Ẹ rántí ibi tí tokúnbọ̀ ti ń bọ̀, pẹ̀lú. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún nígbà yìnyín, ó sì máa ń jẹ ẹnu wáyà títí á fi pọ́n bí ewé.

Mi ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kì í kú o. Ó ń kú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sin ín.

Ohun tó ká mi lára jù ni ohun tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ lè dín agbára ara rẹ̀ kù, ẹrù á há sọ́nà. Ẹni tó ti ra sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìrí ojútùú á gbà kí ẹnì kan fi láptọ́ọ̀pù pa gbogbo ètò ìfọ-èéfín rẹ́. Ọkọ̀ á máa sáré, NOx á máa tú jáde, àwa tí a há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Apápá la ó sì fà á símú. Wáyà kan tó dípẹtà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Èdè Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ "ó ti bàjẹ́" nìkan ni ọmọṣẹ́ ń gbọ́ fún oríṣiríṣi àìsàn, ohun kan ṣoṣo ló máa mọ̀ ọ́n ṣe: yọ ọ́, fi tuntun sí i. Àwọn olùkọ́ wa ti ṣe èdè-ìperí fún fonọ́lọ́jì àti gírámà. Kò sí ìdí tí a ò fi lè ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Mo dábàá "àìgbóhùn" fún 9, "ìsọkúsọ" fún 2. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, bí ẹ bá ti gbọ́ èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́.