Ìkòròdú, Ẹ Kú Oríire!

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú! Láti Ìgbógbó dé Ìmọ̀ta, láti Ìjẹ̀dẹ̀ dé Bàyékù, láti Agric dé Òwutù, ẹ kú oríire! Ikorodu City FC, Ọ̀gá Boys tiwa-n-tiwa, parí sáà àkọ́kọ́ wọn, sáà 2024/25, nínú líìgì NPFL, wọn ò sì já bọ́.

Ọdún 2022 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti la NNL, líìgì ìpele kejì, já, ó ti bọ́ sí NPFL, ìpele tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn gan-an ni Sporting Lagos, ẹgbẹ́ Èkó mìíràn, já bọ́ látibẹ̀. MFM, tí òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ Èkó, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2022. Bí sáà 2024/25 ṣe bẹ̀rẹ̀, Ìkòròdú nìkan ló kù tó ń gbé orúkọ Èkó kiri, Èkó tí Stationery Stores gba líìgì fún ní 1992, tí Julius Berger gbà á fún ní 1991 àti 2000. Ìlú tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn odi ló wá di aṣojú gbogbo wa!

Ẹrù náà ò sì fúyẹ́. Ẹgbẹ́ 20 ló ń du líìgì náà, ìdíje 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, ẹni tó bá lọ Kánò lónìí yóò lọ Ẹnúgu lọ́jọ́ mìíràn. Ní sáà kan náà ni Akwa United tó gba ife ní 2021 já bọ́. Lobi Stars tó gbà á ní 2018 bá a lọ. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ò yè é. Ọ̀gá Boys, àlejò inú líìgì, dúró digbí.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wọn náà, ẹ kú ìrìn! Onikan, ní Mobolaji Johnson Arena, ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ọmọ Ìkòròdú tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù “nílé” á wọ BRT, á la Mile 12, Kẹ́tù àti Ojota kọjá títí dé TBS, kó tó wá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ lọ, ẹ pariwo, ohùn yín há.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni àjọyọ̀ yìí jù lọ ò sí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ọmọ mọ́ńkí pósì, tó ń fi òkúta méjì ṣe ojúlé, tó ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, góòlù méjì, sẹ́ẹ̀tì kan! Ẹ̀yin kóòṣì àdúgbò tó ń fi owó àpò yín fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù, tí orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù yín wà nínú ìwé kékeré kan. Ẹ̀yin bàbá tó ń di orúnkún ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ẹ ṣì ń jà fún pẹ́nárítì bí ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀yin tó ń dáwó jọ ra jẹ́ẹ̀sì fún ìdíje àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún yín, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ kọ́ ìlú yìí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kí Ọ̀gá Boys tó dé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí pápá tó kún ojú òṣùwọ̀n NPFL ní Ìkòròdú, kí àwọn ọmọ wa gbàlejò nílé gidi. Kí ẹsẹ̀ tó ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ lónìí gbá góòlù nínú rẹ̀. Ẹ wọ jẹ́ẹ̀sì yín, ẹ bọ́ síta. Ìkòròdú Ọ̀gá, ẹ kú oríire, ife ló kàn!