Irin Òyìnbó Ló Wà Nínú Idà Náà. Ṣé Ó Wá Di Ayédèrú?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ èmi gan-an ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní idà kan tó jẹ́ ti bàbá bàbá wọn. Òrùlé ilé ń jò, ẹnìkan tó ń ra nǹkan àtijọ́ sì ti dá owó gidi lé e. Ó ní kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá bá pè mí: "Ìwọ tó o ń ka sáyẹ́ǹsì, gbé e lọ."

Mo gbé e lọ. Mo fi ẹ̀rọ XRF wo etí rẹ̀ níbi tó ti ṣán, tí irin ti hàn. Manganese wà níbẹ̀ dáadáa. Bí oníbàárà ṣe gbọ́ báyìí, ó ní ayédèrú ni, ó já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí iye àpò ìrẹsì kan. Èmi ò gbà o.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Láyé àtijọ́, òkúta irin àti èédú ni àwọn ayọ́rin wa ń kó sínú iléru amọ̀. Irin yẹn kì í yọ́ di omi. Ńṣe ló máa ń dì gbàgìdì, tí ìdàrọ́ há sínú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á lù ú, á lù ú, síbẹ̀ ìdàrọ́ kì í jáde tán. Manganese kì í sábà pọ̀ nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Irin ilé-iṣẹ́ ńlá Yúróòpù, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà tí Henry Bessemer gbé jáde ní 1856, ni wọ́n máa ń dìídì fi manganese sí.

Nítorí náà, irin òyìnbó ni. Àmọ́ ta ló rọ ọ́? Ẹ̀rọ mi ò lè sọ ìyẹn. Alágbẹ̀dẹ tó lè ra ọ̀pá irin lọ́jà, kí ló tún fẹ́ máa gé igi sun èédú, kó máa wa òkúta irin fún? Irin ọjà yẹn ni wọ́n fi rọ ọkọ́, wọ́n fi rọ àdá, wọ́n sì fi rọ idà. Àdìrẹ Abẹ́òkúta ńkọ́? Púpọ̀ nínú aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa pa láró láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ òyìnbó ló ti wá. Ta ló jẹ́ pè é ní àdìrẹ ayédèrú?

Ohun tí manganese sọ kò ju pé ó ṣòro kí idà yìí ti wà ṣáájú 1856. Bàbá ò sì fìgbà kan sọ pé ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ! Oníbàárà ló ń pè é ní idà Ọ̀yọ́-Ilé, torí owó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìpẹtà tàn yín jẹ. Omi iyọ̀ lè mú irin tuntun dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú òòlù lára irin, bí abẹ ṣe fẹ̀ lọ sí orí, èèkù, awọ àkọ̀, àti ìtàn ẹni tó gbé e fún ẹni: gbogbo wọn la máa ń kó pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Ẹ̀rí lẹ̀ ń fọ̀ dànù yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé nǹkan àtijọ́ kúrò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Òfin 1979 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti jókòó ti Bàbá, mo gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ alágbẹ̀dẹ, agboolé rẹ̀, ọdún tí idà dọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ló yẹ kí n ti ṣe kí n tó tan ẹ̀rọ rárá. Wọn ò tíì tà á. Òrùlé ṣì ń jò, àwa ọmọ ilé la sì ń dá owó páànù báyìí.